Akọ́ọ̀ǹtì tí a ṣí ní Ìkẹjà kò dé Ìbàdàn: repadmin àti sáfà tí kò gbọ́ ara wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà Active Directory (ètò Microsoft tó ń tọ́jú akọ́ọ̀ǹtì àwọn òṣìṣẹ́) mẹ́ta la ní: IKJ-DC1 àti IKJ-DC2 wà ní Ìkẹjà, IBD-DC1 wà ní Ìbàdàn. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan báyìí tí akọ́ọ̀ǹtì òṣìṣẹ́ tuntun tí mo bá ṣí ní Ìkẹjà kì í hàn ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n tẹ repadmin /syncall, àṣẹ tó ń mú kí àwọn sáfà pín àyípadà fún ara wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí IKJ-DC1, ó dáhùn pé "SyncAll terminated with no errors", síbẹ̀ kò sí nǹkan kan tó dé Ìbàdàn. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ tí ẹ rán an ló kéré sí ohun tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá tẹ /syncall lásán, abala Configuration (ìpín tó ń tọ́jú ètò àwọn sáfà) nìkan ló máa fọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ abala domain ni akọ́ọ̀ǹtì àwọn òṣìṣẹ́ yín wà. Kì í sì í jáde kúrò nínú site (ọ̀gangan nẹ́tíwọ̀kì) tí sáfà náà wà, nítorí náà kò yọjú sí Ìbàdàn rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fífà ló máa ń fà: sáfà tí ẹ bá dárúkọ ni yóò lọ gba ohun tuntun lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kì í gbé tirẹ̀ fún wọn. Ó ṣe ìwọ̀nba tí ẹ ní kó ṣe, ó ní òun kò rí àṣìṣe, òótọ́ ló sì sọ.

Èyí tí ẹ ń wá nìyí:

`repadmin /syncall IKJ-DC1 /AdeP`

A ni gbogbo abala tó wà lórí sáfà náà. Lẹ́tà e kékeré ni kó kọjá sí site mìíràn. P ni kó ti àyípadà jáde dípò kó fà á wọlé. Lẹ́tà d kékeré kàn ní kó máa fi orúkọ kíkún pe sáfà nínú èsì rẹ̀, kí ojú yín lè mọ ẹni tó ń bá wí. Ẹ ṣọ́ lẹ́tà ńlá àti kékeré o. /a kékeré ní kó pa iṣẹ́ tì bí sáfà kan kò bá sí nítòsí, /p kékeré sì ní kó dúró lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì. Àwọn kan ti jókòó ti fèrèsé dúdú yẹn fún ìdajì wákàtí, wọ́n rò pé ó ti kú.

Àmọ́ ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Láàárín site kan náà, 15 ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn àyípadà ni sáfà ti ń ké sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, 3 ìṣẹ́jú-àáyá ló sì fi ń ké sí èyí tó kàn. Láti site sí site, 180 ìṣẹ́jú ni bí ẹ kò bá yí i padà. Nínú Sites and Services, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣètò site, ẹ lè dín in kù dé 15. Bí nǹkan bá pẹ́ wákàtí mẹ́ta kó tó dé Ìbàdàn, kò sí àìsàn níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni àìsàn, syncall kì í sì í wo ọ̀nà tó ti dí sàn. Ẹ wádìí ná:

`repadmin /replsummary`

Yóò gbé tábìlì méjì jáde, Source DSA (sáfà tí a ń fà lọ́dọ̀ rẹ̀) àti Destination DSA (sáfà tó ń fà). Ẹ jẹ́ ká ní ẹ rí ìlà yìí:

`IBD-DC1   12d.04h:31m:50s   5 / 5  100  (1722) The RPC server is unavailable.`

Ó ti di ọjọ́ 12 àti wákàtí 4 tí nǹkan ti lọ kẹ́yìn, abala márààrún ló sì kùnà: domain, Configuration, Schema àti méjì ti DNS (ètò tó ń fi orúkọ wá àdírẹ́sì). Bó bá wà lábẹ́ Destination, Ìbàdàn ni kò rí nǹkan fà wọlé. Bó bá wà lábẹ́ Source, àwọn ará Ìkẹjà ni kò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, Destination ni mo fọkàn sí. Ẹ wá tẹ `repadmin /showrepl IBD-DC1` láti mọ èwo nínú sáfà Ìkẹjà méjèèjì ni Ìbàdàn ń fà lọ́dọ̀ rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì wo "Last success" ti abala kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà àṣìṣe 1722 máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì tó dí. Ping tó dáhùn kò tó ẹ̀rí. Port (ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì) 135 ni sáfà kọ́kọ́ ń kàn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fún un ní port mìíràn láàárín 49152 sí 65535. Ẹni tó pààrọ̀ router tàbí firewall á ṣí 135, á gbàgbé èyí tó kù. Orí sáfà Ìbàdàn ni kí ẹ ti dán an wò, torí òun ló ń lọ fà. Bó bá jẹ́ àṣìṣe 8524 ni ẹ rí, DNS ni: ẹnì kan ti kọ 8.8.8.8 tàbí àdírẹ́sì router sí káàdì nẹ́tíwọ̀kì sáfà náà. Ẹ jẹ́ kó máa bi sáfà Ìkẹjà, kí ẹ sì tẹ `ipconfig /registerdns` àti `nltest /dsregdns`.

Ẹ wo aago pẹ̀lú. Bó bá fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ yàtọ̀ sí ti Ìkẹjà, Kerberos, ètò tó ń yẹ ìdánimọ̀ wò, á kọ̀ ọ́. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì kékeré inú sáfà á kú, sáfà á sì jí sí ọdún tí kò tọ́. Ẹ tẹ `w32tm /query /source`. Bó bá dáhùn pé "Local CMOS Clock", kò sí ẹni tó ń sọ aago fún un nìyẹn.

Àṣìṣe tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù ni 8614. Ó ń sọ pé sáfà náà ti pẹ́ ju iye ọjọ́ tí a fi ń rántí ohun tí a pa rẹ́, 180 ọjọ́ (60 ni lórí àwọn forest, ìyẹn àkójọ domain, tó ti pẹ́ gan-an). Bí ẹ bá pa akọ́ọ̀ǹtì kan rẹ́ ní Ìkẹjà, àmì ìparẹ́ rẹ̀ á wà fún ìwọ̀n ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn náà àmì ọ̀hún á pòórá. Sáfà tó wà ní pípa ní gbogbo àkókò náà kò gbọ́ ikú yẹn rí, akọ́ọ̀ǹtì náà ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn tó ń júwe kọ́kọ́rọ́ registry (ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí) tí ẹ lè fi fipá ṣí i. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, òkú ni ẹ ó máa bá pàdé: akọ́ọ̀ǹtì tí ẹ ti pa rẹ́ á tún jí. Ẹ fi `Uninstall-ADDSDomainController -ForceRemoval` yọ sáfà náà, kí ẹ nu orúkọ rẹ̀ kúrò ní Ìkẹjà, kí ẹ sì tún un gbé dìde bíi tuntun. Fún sáfà kan ṣoṣo ní ẹ̀ka, ó yá ju àtúnṣe lọ.

Nígbà tí replsummary bá mọ́, ẹ wá tẹ /AdeP yẹn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ aṣínà ṣe ìdánwò: sáfà tó rí èyí tí kò bá a mu máa ń bi PDC emulator (sáfà tí ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun kọ́kọ́ máa ń dé) kó tó kọ̀, nítorí náà ó lè wọlé níbi tí nǹkan kò tíì dé. Akọ́ọ̀ǹtì tuntun ni kí ẹ ṣí, kí ẹ fi repadmin /showobjmeta wá a lórí IBD-DC1. Bí akọ́ọ̀ǹtì bá ti dé tí Group Policy (ìlànà tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà) kò sì tíì dé, ẹ má da repadmin láàmú mọ́: DFSR, ètò mìíràn tó ń pín fáìlì, ló ń gbé SYSVOL, fódà tí fáìlì Group Policy wà. Dfsrdiag lẹ máa fi wò ó.