Fóònù ní mítà 27, sọ̀fíyọ̀ ní mítà 3: èwo ni ká gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo fẹ́ ra pulọ́ọ̀tì kan lápá Ajah. Ajẹ́ǹtì fi áàpù kan hàn mí lórí fóònù ẹ̀, ó ní ilẹ̀ náà fi mítà 27 ga ju òkun lọ, pé omi ò lè débẹ̀ láéláé. Sọ̀fíyọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi mú wá ní mítà 3 lé díẹ̀ ni. Èwo nínú wọn ló ń purọ́? Àbí ẹ̀rọ sọ̀fíyọ̀ ló ti bàjẹ́, torí sátẹ́láìtì kì í ṣàṣìṣe?

Ìdáhùn: Mi ò tíì ka lẹ́tà yín dé ìdajì tí mo ti mọ ibi tó ń lọ, mà, torí irú ẹ̀ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ẹ fi sọ̀fíyọ̀ yẹn lọ́rùn sílẹ̀, ẹ̀rọ ẹ̀ ò bàjẹ́. Fóònù gan-an ò purọ́. Ajẹ́ǹtì ló fẹnu ara ẹ̀ so "ju òkun lọ" mọ́ nọ́ńbà tí kò mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́kàn pé GPS, ìyẹn sátẹ́láìtì tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà, mọ ibi tí ojú òkun wà. Kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó mọ̀ ò ju ibi tí fóònù wà sí àárín gbùngbùn ayé lọ. Wọ́n wá fi ìṣirò ya ayé kan tó ń dán bọ̀rọ́, tó wú díẹ̀ ní ìbàdí, láti àárín dé ìlà agbedeméjì ayé jẹ́ bíi kìlómítà 6378, láti àárín dé òpin àríwá jẹ́ bíi 6357, òun ni wọ́n ń pè ní ellipsoid, orí ẹ̀ sì ni GPS ti ń ka gíga. Inú ìṣirò ni nǹkan yẹn wà o, kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Òkun ní tiẹ̀, òòfà ayé, agbára tó ń fa gbogbo nǹkan sílẹ̀, ló ń tẹ̀lé. Ibi tí òòfà bá fà á sí ló máa dúró sí, òòfà ò sì dọ́gba káàkiri torí ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ò wúwo bákan náà. Ní gúúsù Sri Lanka, ojú òkun fi bíi mítà 106 wálẹ̀ ju ellipsoid yẹn. Lápá New Guinea, ó fi bíi mítà 85 ga jù ú lọ. Ọkọ̀ ojú omi ń gba ibẹ̀ kọjá, kò gun òkè, kò sọ̀ kalẹ̀, lójú omi ibẹ̀ tẹ́jú ni. Ojú omi tí òòfà tò báyìí, tẹ́ ẹ bá fojú inú fà á gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá dé Ìbàdàn dé Kano, òun ni geoid. Òun ni "ojú òkun" tí sọ̀fíyọ̀ ń sọ. Ní Èkó, geoid fi ohun tó lé ní mítà 20 ga ju ellipsoid lọ. Ajẹ́ǹtì yín ń wọn ọmọ pọ̀ mọ́ àpótí tó dúró lé ni. Ẹ yọ àpótí kúrò nínú 27 yẹn, kẹ́ ẹ wo ohun tó kù.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ gbé fóònù yẹn, áàpù yẹn náà, lọ sétí òkun, kẹ́ ẹ dúró síbi tí omi ti ń kan ẹsẹ̀. Tó bá kọ 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bi ajẹ́ǹtì bóyá òkun náà ga ju òkun lọ. Àwọn fóònù kan wà o, àti áàpù kan, tó ti bá yín yọ àpótí yẹn kúrò fúnra wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dojú rú fáwọn èèyàn. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, gíga tí fóònù bá kà lè ṣì fi bíi mítà 10 lọ sókè sódò.

Kí wọ́n tó mọ ibi tí geoid wà, wọ́n ní láti wọn òòfà, sátẹ́láìtì tó ń wọn òòfà sì yàtọ̀ sí ti GPS. Lọ́dún 2002 ni Amẹ́ríkà àti Jámánì rán GRACE lọ sókè, méjì tó ń tẹ̀lé ara wọn, bíi kìlómítà 220 láàárín. Tí èyí iwájú bá dé ibi tí ayé ti wúwo, òòfà á kọ́kọ́ fà á, àlàfo wọn á yí padà, wọ́n sì ń wọn ìyípadà yẹn dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, títí iṣẹ́ wọn fi parí ní 2017. GOCE tàwọn ará Yúróòpù wá lọ lọ́dún 2009, ó fò nísàlẹ̀ gan-an, bíi kìlómítà 255 sókè, afẹ́fẹ́ ṣì ń fà á sẹ́yìn níbẹ̀ débi pé ẹ́ńjìnnì ń tì í lọ ṣáá títí epo ẹ̀ fi tán ní 2013. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mi ò lè yìn wọ́n tán. Ṣùgbọ́n ohun tó bá kéré ju bíi kìlómítà 100 lọ, GOCE ò lè rí i dáadáa, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Èkó sí Ìbàdàn. Pulọ́ọ̀tì yín ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ ta "ríìpọ́ọ̀tù òòfà látojú sátẹ́láìtì" fún yín pé omi tàbí góòlù wà lábẹ́ ilẹ̀ yín, ẹ lé e jàre.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé káàkiri lórí ilẹ̀ tàbí nínú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń wọn òòfà ibi kéékèèké tí sátẹ́láìtì ò lè rí, níbi tí wọn ò sì tíì wọ̀n tó, bíi ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, iye geoid tí wọ́n kọ sílẹ̀ lè fi bíi ìdajì mítà ṣìnà. Ní Ajah, ìdajì mítà lè mú omi wọ pálọ̀. Ìdí nìyẹn tí sọ̀fíyọ̀ tó mọṣẹ́ fi ń ti orí benchmark, òpó kọnkéré tí wọ́n ti mọ gíga ẹ̀, wọn gíga wá sórí ilẹ̀ yín.

Mi ò tíì rí ilẹ̀ náà o, ẹ má fi èyí ṣe ríìpọ́ọ̀tù. Mítà 3 kò ní kí omi máa wọlé, kò sì ní kó má wọlé. Gọ́tà, yanrìn tí wọ́n fi kún un, ọ̀sà tó wà nítòsí, gbogbo ẹ̀ ló lọ́wọ́ síbẹ̀, onímọ̀ omi ló lè sọ ìyẹn. Ẹ bi sọ̀fíyọ̀ yín bóyá SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn sọ̀fíyọ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mọ̀ ọ́n, benchmark wo ló ti bẹ̀rẹ̀, tó bá sì jẹ́ GPS ló lò, geoid wo ló yọ. Tí kò bá lè dáhùn, ẹ wá ẹlòmíì. Ẹ di owó yín mú títí di oṣù keje, kẹ́ ẹ padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ ní káwọn aládùúgbò fi ibi tí omi dé lára ògiri hàn yín.