Kí ẹ tó fi hybrid yín gba plug-in, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọkọ̀ yín ń sùn

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín dáadáa. Ẹ ní ọdún 6 lẹ ti ń wa hybrid yín, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì epo àti mọ́tò oníbátìrì pọ̀, kò já yín kulẹ̀ rí. Àlọ àti àbọ̀ ibi iṣẹ́ yín jẹ́ kìlómítà 38 lójúmọ́, ẹ sì máa ń rin ìrìn àjò gígùn bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ wá ní kí ẹ gbé e wá, kí ẹ fi owó lé e, kí òun fún yín ní plug-in hybrid, ìyẹn hybrid tí a ń so mọ́ iná ilé. Ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ ṣe é. Èmi ti ṣe pàṣípààrọ̀ yẹn, oṣù 7 gbáko ni mo sì fi kábàámọ̀ rẹ̀ kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣì í. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Hybrid tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, epo nìkan lẹ ń rà fún un. Bátìrì rẹ̀ kò tóbi. Ti Toyota Prius àtijọ́, tó jẹ́ hybrid, kò ju bí 1.3 kWh lọ, ìyẹn yúníìtì iná kan lé díẹ̀. Bí ẹ bá ń tẹ bíréèkì, á kó agbára pamọ́. Bí ọkọ̀ bá tún fẹ́ gbéra, á ná an. Kò sí ohun tó kàn yín níbẹ̀. Plug-in kò rí bẹ́ẹ̀. Prius Prime ti ọdún 2023, ìyẹn Prius tó jẹ́ plug-in, gbé bátìrì 13.6 kWh, ó sì lè fi iná nìkan rin nǹkan bíi kìlómítà 70 kí ẹ́ńjìnnì tó dá sí i. Ṣùgbọ́n ara ògiri ni iná ọ̀hún ti ń wá. Tí ògiri ò bá fún un, bátìrì ńlá yẹn ti di ẹrù nìyẹn. Ó fi ohun tó lé ní 150 kìlógíráàmù wúwo ju Prius tí kì í gba iná lára ògiri lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa fi epo gbé ẹrù náà kiri. Nínú ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà, nígbà tí iná bátìrì bá ti tán, Prime yẹn ń mu bíi lítà 4.5 fún 100 kìlómítà, nígbà tí Prius lásán ń mu bíi 4.1.

Ẹni tó ta tèmi fún mi sọ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí ló lè gbé e. Kò sí ọlọ́jà tí yóò ní ọjà òun kò dáa. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé nígbà náà, ọkọ̀ ń sùn sísàlẹ̀ láàárín ọkọ̀ àwọn ará ilé yòókù. Mo bá na wáyà ẹsitẹ́ńṣọ̀n láti ojú fèrèsé wá sísàlẹ̀, mo ká èyí tó ṣẹ́kù jọ sábẹ́ fèrèsé, mo sì ń so ọkọ̀ mọ́ ọn lálaalẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ohun gbogbo ń lọ geerege. Lóru ọjọ́ kan, òórùn ike tó ń jóná ló jí mi. Mo sáré dé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì, n kò lè dì í mú. Mo lọ pa iná láti ibi mítà, mo wá fi aṣọ dì í fà yọ. Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti di rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kan nínú ihò rẹ̀ ti yọ́, ike rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin púlọ́ọ̀gì. Wáyà tí mo ká jọ náà gbóná bí ẹni pé wọ́n fi í sórí ààrò. Àwọn ọmọ mi ń sùn nínú yàrá tó kángun sí i. Ẹ̀gbọ́n, àyà mi já lóru ọjọ́ yẹn.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan fa iná púpọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọ̀tọ̀ ni kó fà á fún wákàtí mẹ́fà láìsinmi. Kẹ́tùrù tí a fi ń se omi lè fa iná tó ti ọkọ̀, ṣùgbọ́n omi á ti hó kí wáyà tó mọ̀ ọ́n lára. Ọkọ̀ kò ní dáwọ́ dúró títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, tí ẹnu rẹ̀ ti là, kò lè gbà á. Wáyà ẹsitẹ́ńṣọ̀n tí a ká jọ kò sì rí ibi tú ooru rẹ̀ sí.

Látìgbà náà n kò so ó mọ́ iná mọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fi epo nìkan wà á, bẹ́ẹ̀ mo ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀ tí mo ń kọ iye epo tí mo bá rà sí. Hybrid mi àtijọ́ ń mu lítà 4.9 fún 100 kìlómítà. Plug-in tí mo fi owó lé, lítà 5.6. Owó ńlá ni mo san kí n lè máa ra epo sí i.

Mo ti wá rí i pé n kò dá nìkan wà. Ní 2024, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé àbájáde ohun tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ àwọn èèyàn fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ jáde. Èéfín tí àwọn plug-in ń tú lójú títì jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 3.5 ti inú ìdánwò. Ìdí pàtàkì kan tí wọ́n sọ ni pé àwọn tó ni wọ́n kì í so wọ́n mọ́ iná tó bí wọ́n ṣe ṣírò.

Ohun tó tún tèmi ṣe kò pọ̀. Mo bẹ onílé, ó gbà kí ọkọ̀ mi máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Oníṣẹ́ iná fa wáyà tó nípọn tààrà láti ibi tí iná ti ń wọlé, ó fún un ní ìpaná (breaker) tirẹ̀, ó sì gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì ìta tó nípọn síbẹ̀. Kò sí ohun mìíràn lórí wáyà náà. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó gbé àpò mi sọ̀kalẹ̀ ni mo ti so ọkọ̀. Epo tí mo fi kún táǹkì nígbà yẹn lò ju oṣù méjì lọ, ó tiẹ̀ di pé ọkọ̀ ń fúnra rẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì kí epo má baà bàjẹ́ sínú. Ìlàjì táǹkì ni mo ń rà báyìí, mo sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dọọdún, bí ọkọ̀ ò tilẹ̀ tíì rìn jìnnà.

Ní ti owó, ẹ má wo ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń sọ, nítorí iná díẹ̀ máa ń ṣòfò kó tó wọ bátìrì. Mítà ilé ni kí ẹ kà. Tèmi ń gbà tó yúníìtì 20 láti ara ògiri fún 100 kìlómítà, hybrid sì ń mu tó lítà 5. Nítorí náà yúníìtì 4 ló dípò lítà kan. Ẹ wo owó yúníìtì 4 níbi tí ẹ wà, ẹ wo owó lítà epo kan. Iye tí iná bá fi dínwó ni èrè yín lórí gbogbo lítà tí ẹ kò rà. Ẹ fi èrè oṣù kan pín owó tí ọlọ́jà ní kí ẹ fi lé e, ẹ óò rí iye oṣù tí yóò gbà. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ óò fi máa fún un níná, ẹ má dán an wò rárá.

Kìlómítà 38 yín wọnú ohun tí bátìrì bíi ti Prime yẹn lè gbé, àyè sì tún kù fún ọjọ́ òtútù tí ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlégbóná. Ní ti ìrìn àjò gígùn, lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́, hybrid tó wúwo lẹ ń wà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì gbára lé ibi ìgbaná aláyára lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ plug-in ni kò lè lò ó. Ẹ gbé àpótí tí ẹ máa ń rù dání, ẹ fi dán búùtù rẹ̀ wò, torí bátìrì ti gba díẹ̀ níbẹ̀ nínú àwọn kan.

Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ ní kí wọ́n fún un níná kó kún, ẹ wà á títí ẹ́ńjìnnì yóò fi tan, kí ẹ ka kìlómítà tó rìn. Ẹ béèrè wáyà ìgbaná rẹ̀, kí ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀: èyí tí wọ́n ṣe fún iná 120 nìkan, ẹ kò gbọdọ̀ so ó mọ́ iná 230.

Ẹ kò sọ ibi tí ọkọ̀ yín ń sùn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù nìyẹn. Ẹ mú oníṣẹ́ iná lọ wo ògiri náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún ọlọ́jà. Tó bá ní ó ṣeé ṣe, tí onílé sì gbà, ẹ gba plug-in náà, ẹ óò gbádùn rẹ̀. Tó bá ní kò ṣeé ṣe, hybrid yín ni kí ẹ máa wà lọ.