Ẹ́ńjìnnì lágbára sí i, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀: èwo ni kí n rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Golf GTI ọdún 2007, onígíà ọwọ́, ni mò ń wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ni agbára rẹ̀ ti pọ̀ sí i gan-an. Àmọ́ bí mo bá tẹ iná ọkọ̀ ní gíà kẹrin, ẹ́ńjìnnì á máa ké, abẹ́rẹ́ tó ń fi ìyípo ẹ́ńjìnnì hàn á gòkè, eré ọkọ̀ kò sì ní pọ̀ sí i. Ẹni tó bá mi tún un ṣe ní kí n ra kílọ́ọ̀ṣì onísẹ́rámíìkì tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje ń lò. Ṣé kí n rà á? Erékùṣù Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́.
— Awakọ̀, Gbàgádà

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Kílọ́ọ̀ṣì yín, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, ń yọ̀ lóòótọ́, ó sì yẹ kí ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ní kí ẹ rà yẹn kò yẹ ẹni tó ń gba afárá Third Mainland lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Agbára ìyípo 280 Nm (Nm ni òṣùwọ̀n agbára ìyípo) ni ẹ́ńjìnnì yín ń mú wá nígbà tó ti ilé iṣẹ́ jáde, iye yẹn pẹ̀lú àlékún díẹ̀ lórí rẹ̀ sì ni wọ́n ṣírò kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kọjá ibẹ̀, pressure plate (irin tó ń tẹ díìsì) kò ní lè fún díìsì, abala kílọ́ọ̀ṣì tó ń yí gíà, mọ́ flywheel, irin róbótó tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, mọ́, díìsì á wá máa yọ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí ilẹ̀ òjò, ooru á sì máa jó o. Gíà òkè ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwúwo ọkọ̀ ti ń ni ẹ́ńjìnnì lára jù lọ.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ ní kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òróró ẹ́ńjìnnì ń jò sára díìsì. Bí òróró bá ti kàn án, èyí tó wọ́n jù lọ lọ́jà náà yóò yọ̀.

Ní ti sẹ́rámíìkì, òjijì ló máa ń gbá nǹkan mú, kò mọ jẹ́jẹ́. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lórí afárá tó gùn tó bíi kìlómítà 12, ọkọ̀ yóò máa fò sókè, yóò máa gbọ̀n, ojú flywheel yóò sì máa jẹ. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Múṣìn lẹ́yìn irú ìlò bẹ́ẹ̀: àmì aláwọ̀ aró wà káàkiri ojú rẹ̀, ilà tín-ín-rín bí irun orí ti là á káàkiri, òórùn ohun tó jó kò sì tíì kúrò nínú ilé gíà. Ó dùn mí gan-an, nítorí owó ńlá ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín ti ná.

Èyí tí mo fọwọ́ sí ni pressure plate tó le ju ti ilé iṣẹ́ lọ, pẹ̀lú díìsì organic (èyí tó ń gbá nǹkan mú jẹ́jẹ́) tó ní spring láàárín. Ẹ béèrè iye Nm tí ẹ́ńjìnnì ń mú wá báyìí lọ́wọ́ ẹni tó tún kọ̀ǹpútà náà ṣe, kí ẹ sì ra èyí tó lè gbé ju iye náà lọ díẹ̀. Ẹ má ra ìlọ́po méjì, nítorí bí spring inú pressure plate bá ti le jù, ẹsẹ̀ òsì yín yóò máa ro yín nínú gòsíló, bearing tó ń tì í náà yóò sì tètè gbó. Ẹ pààrọ̀ bearing ọ̀hún pọ̀ mọ́ ọn, torí iṣẹ́ àtisọ̀ gíà kalẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọjà Ládípọ̀ dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ ẹ má ra díìsì tòkúnbọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán, ẹ fi bíi kìlómítà 800 wà á jẹ́jẹ́ nínú ìgboro, kí díìsì àti flywheel lè mọ ojú ara wọn. Ìrìn ọ̀nà jíjìn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan kílọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ yín láti Gbàgádà sí Erékùṣù ló bá a mu. Títí kìlómítà yẹn yóò fi pé, ẹ má tẹ iná mọ́lẹ̀.