Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé kí n lọ kọ́ òfin ní Jámánì fún sẹ̀mẹ́sítà kan?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kejì ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì kan ní England, àmọ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò. Ilé-ìwé wa àti yunifásítì kan ní Jámánì jọ máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, èdè Jámánì sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Mo ti yege ìdánwò èdè Jámánì ní ìpele B1. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fìdí rẹmi. Ṣé kí n lọ? Ìgbà wo ló dára jù, kọ́ọ̀sì wo sì ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, lọ. Ṣùgbọ́n má fi B1 lọ. B2, ìpele tó tẹ̀lé e, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka òfin níbẹ̀ máa ń béèrè, ó sì nídìí. B1 tó láti fi ra nǹkan lọ́jà àti láti fi bá onílé sọ̀rọ̀. Gbólóhùn inú ìwé òfin wọn ní tirẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀-ìṣe sì lè dúró dé ìparí pátápátá. O ní láti di gbogbo ohun tó ṣáájú mú lọ́kàn kí o tó mọ ohun tí òfin pa láṣẹ.

Ní ti ìgbà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáà òtútù máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kẹwàá, á sì wọ oṣù Kejì. Ìgbà yẹn, sáà kejì ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé tìrẹ. Sáà ẹ̀ẹ̀rùn, láti àárín oṣù Kẹrin sí àárín oṣù Keje, ni èmi á mú. Wàá lè fi oṣù Kìíní sí Kẹta kọ́ èdè lójú méjèèjì. Kìkì pé àwọn ìdánwò sáà yìí lè pẹ́, nítorí náà bi ọ́fíìsì pàṣípààrọ̀ yín léèrè ọjọ́ tí máàkì rẹ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, kí o sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o torí rẹ̀ lọ gan-an ni bí wọ́n ṣe ń kọ èsì ẹjọ́. Ìwé òfin ló máa ń wà níwájú wọn. BGB, òfin tó ń ṣàkóso àdéhùn, ohun-ìní, ẹbí àti ogún, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900. Wọ́n máa ń gbé ìwé òfin wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹnikẹ́ni kò ní ní kí o há abala sórí. Gutachtenstil ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìkọ̀wé náà.

Ká ní olè jí kẹ̀kẹ́ Adé, Bọ́lá sì rà á lọ́wọ́ olè náà láìmọ̀. Ó lè ṣe ọ́ bíi kí o kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ti Adé ni. Wọn á fa ìlà pupa sí i. Gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́: “Adé lè ní ẹ̀tọ́ láti gba kẹ̀kẹ́ náà padà lọ́wọ́ Bọ́lá lábẹ́ abala 985.” Lẹ́yìn náà, o máa sọ ohun tí abala náà béèrè: kí Adé jẹ́ olóhun, kí kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ Bọ́lá, kí Bọ́lá má sì ní ẹ̀tọ́ láti dì í mú. Wàá wá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Adé ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ṣé ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí Bọ́lá rà á? Abala 932 gbè sẹ́yìn ẹni tó fi ọkàn rere rà, àmọ́ abala 935 ní kò kan ohun tí wọ́n jí. Ìgbà yìí ni wàá tó kọ ọ́ pé Adé lè gbà á padà. Ó lè kọ́kọ́ sú ọ, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí o fo ohunkóhun, mo sì fẹ́ kí gbogbo lọ́yà wa ní àṣà yìí lọ́wọ́.

Nítorí náà, má kó kọ́ọ̀sì jọ. Mú apá ìpìlẹ̀ BGB, mú ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lábẹ́ Grundgesetz, òfin-ìpìlẹ̀ Jámánì ti ọdún 1949, kí o fi ìtàn òfin kún un. Máa lọ sí Arbeitsgemeinschaft, kíláàsì kékeré tí wọ́n ti ń yanjú ẹjọ́ pọ̀, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ á ti mọ́ iṣẹ́ yìí. Tètè lọ bá olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, kí o béèrè bóyá o lè ṣe ìdánwò àfẹnuṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ àlejò.

Ọ̀rọ̀ máàkì ṣe pàtàkì gan-an. Nínú 18 ni wọ́n ti ń fún ni ní máàkì òfin, 4 sì ni ìyege. Ẹni tó gba 9 ti ṣe dáadáa, àwọn ọmọ ibẹ̀ gan-an ń jà fún un. Bí ilé-ìwé rẹ bá ka 9 sí ìdajì, wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ. Ní kí wọ́n fi tábìlì ìyípadà máàkì hàn ọ́ kí o tó buwọ́ lu ìwé kankan.

Bí o bá ní i lọ́kàn láti ṣe lọ́yà nílé, má fi kọ́ọ̀sì òfin ilẹ̀ níní tàbí ti equity (ìlànà ẹ̀tọ́ tó ń dí àlàfo òfin) ti England sílẹ̀ nítorí ìrìn-àjò yìí. Àwọn tó gboyè lókè òkun máa ń ṣe Bar Part I ní Nigerian Law School kí wọ́n tó bá àwọn yòókù ní Part II, o sì máa nílò ìpìlẹ̀ yẹn.

Má tẹ̀lé ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ tó ní pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí físà. Òun lè débẹ̀ kó tó béèrè fún ìwé ìgbélùú. Ìwọ gbọ́dọ̀ gba físà orílẹ̀-èdè (national visa, èyí tó wà fún ìgbé pípẹ́) ní ọ́fíìsì aṣojú Jámánì ní England kí o tó gbéra, físà ìbẹ̀wò 90 ọjọ́ kò tó. Bí o kò bá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó gbé ìnáwó rẹ, wọ́n á béèrè owó ìgbọ́bùkátà nínú àkáǹtì tí wọ́n tì pa (blocked account), tí o kàn lè máa fa iye kan yọ níbẹ̀ lóṣooṣù. 992 yúrò lóṣù ni iye tí wọ́n ń lò láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Bó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ lo fi ń gbé England, rí i pé ilé-ìwé rẹ ròyìn ìrìn-àjò yìí fún Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà níbẹ̀.

Tí o bá ti kó wọlé ní Jámánì, ọ̀sẹ̀ méjì péré lo ní láti lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ sílẹ̀, o sì nílò ìwé tí onílé buwọ́ lù. Ilé ló máa ń ṣòroó rí jù, nítorí náà kọ̀wé sí Studierendenwerk ìlú náà, àjọ tó ń bójú tó ilé àti oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, fún yàrá lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìgbàwọlé bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.