Kí ni ìhìnrere nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni? Ṣé ìwé Mátíù sí Jòhánù ni?

Ìhìnrere ni ìròyìn pé Jésù Kristi kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ aráyé, pé wọ́n sin ín, pé ó sì jí dìde ní ọjọ́ kẹta, kí ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè rí ìdáríjì àti ìyè àìnípẹ̀kun.

1 Kọ́ríńtì 15:1-4 ló sọ ọ́ ní ṣókí jù. Ṣùgbọ́n Jésù fúnra rẹ̀ ti ń wàásù ìhìnrere kí wọ́n tó kàn án mọ́ àgbélébùú: ohun tó kéde nínú Máàkù 1:15 ni pé ìjọba Ọlọ́run kù sí dẹ̀dẹ̀, kí àwọn èèyàn ronú pìwà dà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi mọ sórí ikú àti àjíǹde nìkan ti fo apá kan.

Ìwé Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù ń jẹ́ Ìhìnrere nítorí pé ìtàn yìí ni wọ́n sọ. Nínú ìsìn Oúnjẹ Olúwa ní ìjọ Áńgílíkà, bíi Kàtídírà St. David ní Àkúrẹ́, wọ́n lè ka Májẹ̀mú Láéláé àti Épísítélì (lẹ́tà àwọn àpọ́sítélì) kí ìjọ wà ní ìjókòó. Tó bá kan Ìhìnrere, gbogbo wọn á dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kátólíìkì. Orin gospel tó ń dún láti ẹnu sípíkà ní Ọjà Ọba kàn gba orúkọ lára ìhìnrere yìí ni.

Àwọn ìjọ kò fẹnu kò lórí bí èèyàn ṣe ń gba ìhìnrere: àwọn kan ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, àwọn Onítẹ̀bọmi ní àfi ẹni tó ti gbàgbọ́ fúnra rẹ̀.