Wíwọn dẹ́ńsítì òkúta àti epo pupa

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Olùkọ́. Ẹ bèèrè bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní Òṣogbo ṣe lè wọn dẹ́ńsítì òkúta tí kò ní ìrísí kan pàtó, àti ti epo pupa, láìsí yàrá ìwádìí ńlá. Dẹ́ńsítì ni ìwúwo nǹkan tí a fi àyè tí ó gbà pín.

Ẹ gbé òkúta gbígbẹ sórí òṣùwọ̀n. Ká ní ó jẹ́ 135 gíráàmù. Ẹ bu omi dé 60 mílílítà nínú sìlíńdà oníwọ̀n (ìgò gígùn tí a fa ìlà ìwọ̀n sí lára), kí ẹ fi òwú tín-ín-rín so òkúta náà, kí ẹ sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí omi yóò fi bò ó, nítorí pé bí ẹ bá jù ú sínú rẹ̀, omi lè ta dànù, ìṣirò yóò sì bàjẹ́. Bí omi bá gòkè dé 110, àyè tí òkúta gbà jẹ́ 50. Ẹ fi 50 pín 135, ẹ óò rí 2.7 gíráàmù fún mílílítà kan, èyí tí ó sún mọ́ ti akọ òkúta. Ojú omi a máa tẹ kòtò díẹ̀ láàárín, ìsàlẹ̀ kòtò yẹn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kà, kí ojú rẹ̀ sì bá a dọ́gba. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ ti lo àkókò jù lọ.

Ní ti epo, ẹ wọn sìlíńdà lófìfo, ẹ da 50 mílílítà epo sí i, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò. Bíi 45 gíráàmù ni yóò kù, dẹ́ńsítì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 0.9, èyí tí ó kéré sí ti omi tí ó jẹ́ 1; ìdí nìyí tí epo fi ń léfòó lórí omi. Bí ọyẹ́ bá ti mú un dì, ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ.

Bí ó bá jẹ́ káún ni ẹ fẹ́ wọ̀n dípò òkúta, epo òyìnbó ni kí ẹ lò dípò omi, torí káún a máa yòrò nínú omi.