Kí ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé ilẹ̀ dín kù tàbí kó pọ̀ sí i láàárín ọ̀pọ̀ ọdún?

Oòrùn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà láàárín òun àti ilẹ̀ ni. Láti àwọn ọdún 1950 títí dé àárín àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ibùdó tí wọ́n ti ń wọn ìtànṣán oòrùn rí i pé ó ń dín kù. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nígbà tí ti Íńdíà ṣì ń dín kù lọ.

Èérí wínníwínní inú afẹ́fẹ́ kó ipa ńlá níbẹ̀. Èédú tí wọ́n ń sun máa ń tú gáàsì sulfur dioxide jáde, èyí tó ń di èérí tó ń dá ìtànṣán padà sókè. Èéfín dúdú ní tiẹ̀ ń gbé e mì kó tó délẹ̀. Nígbà tí òfin dín èéfín ilé iṣẹ́ kù, ojú ọ̀run mọ́.

Ti ìkùukùu ló díjú jù. Ara èérí wọ̀nyí ni omi inú ìkùukùu máa ń dì mọ́. Bí èérí bá pọ̀, omi kan náà á pín sí ẹ̀kán tó pọ̀ tó sì kéré, ìkùukùu á funfun sí i, á sì dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìkùukùu tún lè pọ̀ tàbí kó dín kù láìsí ọwọ́ èérí níbẹ̀ rárá, nítorí náà mi ò gbà kí a di gbogbo ẹ̀bi ru èérí. Láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ wo ìwọ̀n ìtànṣán oòrùn ní àwọn ọjọ́ tí kò sí ìkùukùu: èyí tó bá yí padà níbẹ̀, èérí ló sábà fà á.